Táyà Kan

Òru ni mo máa ń gùn ún,
lẹ́yìn tí mo bá ti yí Bàbá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún,
tí Nẹ́pà ti mú iná lọ, tí gbogbo Ìperu dákẹ́,
àfi jẹnẹrétọ̀ ilé kejì tó ń wúkọ́.
Adétọ̀nà ọmọ mi ló fi hàn mí:
kò gba owó, kò béèrè orúkọ,
o kàn máa ṣí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì
bí ilẹ̀kùn ilé tí wọn kì í tì.

Ọkùnrin kékeré kan, àṣíborí pupa, kò lójú, kò nímú.
Kẹ̀kẹ́ kan. Títì kan tí kò ní ìyànà.
Fi àtàǹpàkò tẹ ojú fóònù, iwájú kẹ̀kẹ́ á gbéra;
ṣíwọ́, á máa bọ̀ nílẹ̀.
Bó bá kanlẹ̀, ó parí.
Bó bá ga jù, ọ̀gbẹ́ni á fẹ̀yìn lélẹ̀ gbì,
ẹsẹ̀ méjèèjì lókè bí adìyẹ Kérésì.
Gbogbo eré náà nìyẹn.
Mo fi dátà ẹgbẹ̀rún náírà ṣubú lọ́sẹ̀ kan.

Ogójì mítà. Mọ́kàndínlógójì.
Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dé igba ó lé mẹ́rìnlá,
mo kígbe, Bàbá ta jí.
"Kí ló ṣubú?"
"Èmi ni, Bàbá."

Ṣódípẹ̀ Oníráálè ni wọ́n ń pè é nígbà ayé ẹsẹ̀ rẹ̀.
Apẹ̀rẹ̀ gbànja méjì ló ń dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́
láti oko wa lọ́nà Ògèrè dé Ṣàgámù,
ẹyọ kan kì í já bọ́ lọ́nà,
ewé gbòdògì kì í ya.
Ṣùgbọ́n bó bá tà á tán, tí apẹ̀rẹ̀ ṣófo,
tó bá ku díẹ̀ kó dé iwájú ilé àwọn ìyá mi,
á fa ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sókè,
á fi táyà ẹ̀yìn nìkan kọjá
bí ẹṣin tó rí ejò.
Ìyá mi ní òun ò wò ó.
Ìyá mi mọ iye ìgbà tó kọjá.

Ọdún tó lọ ni apá òsì kọ̀ ọ́ sílẹ̀.
Ọ̀tún tó ṣẹ́kù, gbígbọ̀n ni,
bí ewé kókò létí odò.
Bó bá gbé ṣíbí ìkọ́kọrẹ́,
ìdajì á dé ẹnu, ìdajì á bọ́ sórí bùbá,
àwa méjèèjì á ṣe bí ẹni pé a ò rí i.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó ní kí n gbé e wá,
kí òun rí ohun tó ń jù mí lulẹ̀.
Ó wò ó pẹ́.
"Bíréèkì ẹ̀yìn dà?"
"Kò ní, Bàbá."
"Ta ló rọ irú kẹ̀kẹ́ yìí? Bíréèkì ẹ̀yìn ló ń gbani
bó bá fẹ́ dani nù."
Lẹ́yìn náà: "Ìwọ náà, o ń tẹ̀ ẹ́
bí ẹni tó ń tẹ agogo ilé olówó,
o tẹ̀ ẹ́ tán, o wá ń dúró."

Ó na àtàǹpàkò. Ojú ti ń tì mí dè é.
Mo gbé fóònù dúró níwájú rẹ̀ bí abọ́ oúnjẹ.
Ọwọ́ náà ń gbọ̀n: ó tẹ̀, ó ṣí, ó tẹ̀, ó ṣí,
fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kíákíá, kò sinmi,
iwájú kẹ̀kẹ́ gbéra,
kò wálẹ̀.
Ọgọ́rùn-ún. Igba. Ó kọjá ibi tí mo ti kígbe.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. N ò mí mọ́.
Ohun tí kì í jẹ́ kí ṣíbí dé ẹnu
ló gbé ọkùnrin yẹn dúró lórí táyà kan.
Bàbá ò tilẹ̀ wo kẹ̀kẹ́.
Etí fóònù ló ń wò, níbi tí títì ti ń yọ,
bí ẹni tó mọ ilé tó kàn.

Ẹgbẹ̀rin ó lé mọ́kànlélọ́gọ́ta.
Bátìrì kú.
Nínú òkùnkùn, mò ń gbọ́ àtàǹpàkò rẹ̀
lára gíláàsì, tẹ, tẹ, tẹ.
"Ó ti ṣubú?"
"N ò rí ibi tó ti ṣubú, Bàbá."